Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Okun tó wà lórí Hive, báwo lẹ ṣe ń rí owó tó dúró?

Olùkọ́ Kábà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí níbí ní Kábà, nílẹ̀ Okun tiwa ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo ṣí àkáǹtì sórí Hive, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fi kọ́ìnì krípítò sanwó, torí ọmọ àbúrò màmá mi kan tó wà ní Lọ́kọ́ja sọ fún mi pé àwọn èèyàn ń kọ̀wé níbẹ̀, wọ́n sì ń gbowó. Mo ti kọ àpilẹ̀kọ 41. Èyí tó pa owó jù nínú wọn mú sẹ́ǹtì 17 wá. Àwọn kan wà tí wọn ò mú kọ́bọ̀ wá. Ẹni mẹ́sàn-án ló ń tẹ̀lé mi, ẹbí mi sì ni mẹ́ta nínú wọn.

Ohun tí mò ń kọ ni bí èèyàn ṣe lè ṣàṣeyọrí, ọ̀rọ̀ ìlera, ìfẹ́ àti ìgbéyàwó, àwọn nǹkan tí gbogbo ayé ń kà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di olówó lọ́jọ́ kan. Kí n ṣáà máa rí owó dátà àti owó oògùn màmá mi lóṣooṣù láìyá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí mò ń wá nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni mo ti ń ṣì í?

Ọmọ Ìyàrà

Okun, àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó yẹn ti ń wá, torí ọ̀pọ̀ ló ń kọ̀wé níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Kò sí ọ̀gá kan tó jókòó síbì kan tó ń sanwó fún yín. Ojoojúmọ́ ni kọ́ìnì tuntun ń jáde, apá kan nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sínú àpò kan tí gbogbo òǹkọ̀wé jọ ń pín. Ìbò ló ń pín in. Àmọ́ ìbò kò wúwo bákan náà. Ẹni tó bá ti kó kọ́ìnì pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi Hive Power, bí ohun tó kó pamọ́ ṣe pọ̀ tó ni ìbò rẹ̀ ṣe wúwo tó. Ẹbí yín mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì, bí wọ́n tiẹ̀ dìbò fún yín láàárọ̀ lálẹ́, kò lè hàn.

Ọjọ́ méje ni àpilẹ̀kọ fi ń gba ìbò. Bó bá pé, ìdajì owó jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́, ìdajì kejì jẹ́ ti àwọn tó dìbò fún un. Bí àpilẹ̀kọ kò bá pa tó sẹ́ǹtì méjì, kò ní san nǹkan kan rárá, ìyẹn ló fà á tí àwọn kan nínú tiyín fi wọlé lófìfo. Nínú ìpín tó jẹ́ tiyín, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà látilẹ̀, apá kan máa jẹ́ HBD, kọ́ìnì tí wọ́n ṣe kí iye rẹ̀ máa bá dọ́là kan rìn, apá kejì á sì di Hive Power tó wà ní títì. Ẹ lè yọ Hive Power, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 13 ló máa fi ń jáde díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ta ni ẹ ń kọ̀wé fún? Àwọn tí ìbò wọn wúwo, àti àwọn tó ń bá wọn wá àpilẹ̀kọ tó dáa kiri. Àwọn yẹn ń ka àpilẹ̀kọ tó pọ̀ gan-an lójúmọ́. “Ọ̀nà láti ṣàṣeyọrí” ti sú wọn. Ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ báyìí.

Aláṣọ Ògìdì

Àbúrò mi, ẹ kú ìforítì. Ohun tí ẹ ń ṣe yìí ni èmi náà ṣe fún odidi ọdún kan. Mò ń kọ nípa bí a ṣe ń borí ìbànújẹ́, bí a ṣe ń fi owó pamọ́, ohun tí mo kà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni mo tún ń tún kọ. Mi ò purọ́ nínú rẹ̀, àmọ́ mi ò sí nínú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, kò sí iná, mo jókòó sídìí òfì tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ mọ òfì àwọn obìnrin tiwa, èyí tó dúró ṣánṣán sára ògiri, tó ń hun aṣọ fífẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn ń jókòó tì, tí wọ́n ń na òwú rẹ̀ jìnnà sílẹ̀, tí aṣọ rẹ̀ ń jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi fóònù ya ọwọ́ mi nínú òwú. Mo kọ bí màmá ṣe kọ́ mi láti máa ka òwú láìwò ó, tó ní kí n dijú kí n fi ìka mọ ibi tó ti já. Àpilẹ̀kọ yẹn kò gùn. Mo gbé e sí NeedleWorkMonday, àwùjọ àwọn tó ń rán aṣọ tí wọ́n ń hun nǹkan, torí mo ti rí i pé nǹkan ọwọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Èèyàn 14 ló fèsì. Obìnrin kan láti Fẹnẹsúẹ́là sọ pé ìyá òun àgbà ń hun ibùsùn ìsokọ́, ó bi mí léèrè irú igi tí a fi ń ṣe òfì wa. Mi ò mọ orúkọ igi náà! Mo ní láti lọ bi bàbá kan ládùúgbò wa. Ìdáhùn bàbá yẹn ni àpilẹ̀kọ mi kejì. Nínú èyí náà, ẹnì kan rí aṣọ pupa nínú àwòrán, ó ní kí ló dé tó pupa tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn di ẹ̀kẹta: mo kọ nípa aṣọ ìpò àwọn ará Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá, tí wọ́n sì fi ń ṣe aṣọ eégún, àti bí àwọn ìyá wa láyé àtijọ́ ṣe ń tú bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa tó wá láti òkè òkun kí wọ́n lè rí òwú pupa hun, torí aró ilé kì í fún wọn ní irú pupa yẹn.

Ṣé ẹ rí bó ṣe ń lọ? Láti ìgbà yẹn, mi ò jókòó ronú ohun tí mo máa kọ mọ́. Ìbéèrè tí wọ́n bá bi mí lábẹ́ èyí tí mo kọ lónìí ni mo máa kọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè á padà wá wo ìdáhùn, torí òun ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní àwọn tó ń kà mí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, owó tó ń wọlé fún mi kò wá sí ìsàlẹ̀ dọ́là 30 lóṣù mọ́, kì í sì í kọjá 55. Kò pọ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ọmọ Mọ́pà

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ní àbá kan. Kí ló dé tí gbogbo wa, ọmọ Okun, kò fi ṣí ẹgbẹ́ kan sórí WhatsApp, tí ẹnikẹ́ni bá ti kọ nǹkan, kí gbogbo wa lọ dìbò fún un? Bí a bá tó 50, ṣé kò ní hàn? Ìfẹ́ ará ilé ni mo fi sọ ọ́.

Ọmọ Ìyàrà

Mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́, àbúrò, ṣùgbọ́n má ṣe é. Mo ti wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ṣì wà lórí Steem, ìkànnì tí Hive ti ya jáde. Àádọ́ta èèyàn tí ìbò wọn fúyẹ́, àpapọ̀ wọn ò tó ti ẹyọ ẹnì kan tó ti kó kọ́ìnì jọ. Èyí tó tún burú ni pé gbogbo ìbò wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Bí wọ́n bá rí i pé àwọn kan náà ló ń dìbò fún ara wọn láìka ohunkóhun, ìbò ìyọkúrò wà, wọ́n á fi fa owó yẹn sẹ́yìn kí ọjọ́ méje tó pé. Wọ́n ṣe é fún wa. Oṣù mẹ́ta ni orúkọ wa fi bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá àpilẹ̀kọ kiri, kódà àwọn tó kọ nǹkan gidi nínú wa jìyà rẹ̀.

Bákan náà ni ẹni tó bá da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ, tàbí tó ní kí ẹ̀rọ AI kọ ọ́, tó wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wá irú rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ran ará ilé lọ́wọ́, ẹ ka ohun tó kọ, kí ẹ bi í ní ìbéèrè gidi lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò lòdì sí òfin kankan.

Ọmọ Mọ́pà

Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà.

Àgbẹ̀ Ìsánlú

Okun gbogbo yín. Iṣu àti kajú ni mò ń gbìn, oko mi sì jìnnà sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Nítorí náà ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é. Inú fóònù ni mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí lóko, níbi tí a máa ń kọ ìwé ìrántí sí, láìtan dátà. Mo máa dín àwòrán kù kó tó gòkè. Lọ́jọ́ tí mo bá wọ ìlú ni mo máa gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àǹtí Olùkọ́, 41 láàárín oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù. Ẹ ń kọ tán kí ẹnikẹ́ni tó kà á.

Àkókò tó kù, mo máa ń fi í ka tàwọn ẹlòmíràn. Ohun tó yí tèmi padà nìyí: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo pinnu láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, èsì mẹ́wàá ni mò ń kọ sábẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn àgbẹ̀ bíi tèmi lójúmọ́. Kì í ṣe “ó dára o, ẹ ṣeun.” Bí ẹnì kan ní Filipínì bá sọ pé kòkòrò ń jẹ ewé òun, mo máa sọ ohun tí a fi ń lé e níbí. Èsì náà ń gba ìbò, ẹ má gbàgbé. Àwọn oṣù kan wà tí owó èsì mi ju owó àpilẹ̀kọ mi lọ. Kí n tó mọ̀, àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ti ń bọ̀ wá wo oko mi.

Ẹ tún máa lo ìbò tiyín. Ìbò kan tó kún ń gba ìdá 2 nínú 100 agbára ìbò yín, ìdá 20 sì ń padà lójúmọ́, ìyẹn ni pé ìbò mẹ́wàá lóòjọ́ kò ní tán yín lágbára. Ẹ dì í fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹ rí i pé wọ́n ń sapá. Wọn ò ní gbàgbé yín.

Nípa èdè: Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi kọ ọ́. Àwọn tí ìbò wọn wúwo ò gbọ́ Yorùbá.

Olùkọ́ Àgbà Bùnú

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Èmi kì í gba ti àgbẹ̀ wa tán lórí ọ̀rọ̀ èdè yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ lápá òkè, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo ń fi sísàlẹ̀, odindi rẹ̀, kì í ṣe àkékù. Bí ọ̀rọ̀ bá wà tí a kò ní nínú Yorùbá àpapọ̀, mo máa kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Bùnú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà ń wá a kà fún àwọn ọmọ wọn. Wọn ò ní kọ́ìnì, wọn ò sì lè mú owó mi gòkè, síbẹ̀ àwọn ló ń fi àpilẹ̀kọ mi ránṣẹ́ káàkiri jù. Ẹni tó bá ń wá ẹni tí yóò máa kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó má fojú di wọn.

Ohun tó gbé mi dìde láti fèsì gan-an ni èyí. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé sórí Hive, kò ṣé pa rẹ́. Ẹ lè tún un kọ, kó má hàn lójú ìwé mọ́, àmọ́ èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ ṣì wà nísàlẹ̀ títí láé, ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò á rí i. Ọmọ kan láti apá wa gbé àwòrán ibi tí wọ́n ti ń múra eégún síbẹ̀, inú àgbàlá tí kì í ṣe gbogbo ojú ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn àgbà gbọ́, ó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ. Ìlú pè é, ó bẹ̀bẹ̀, wọ́n forí jì í, ṣùgbọ́n àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ni àwọn tó ń kà wá fẹ́ràn, Aláṣọ ti sọ ọ́ dáadáa. Nítorí ìyẹn gan-an, kí ẹ tó kọ nípa orò, eégún tàbí oyè, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni í. Ìwọ ọmọ mi olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ńkọ́? Má ya ojú ọmọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ mọ̀, tó sì gbà.

Àgbẹ̀ Ìsánlú

Bàbá, mo gbà tiyín lórí àwòrán. Lórí èdè, mo ṣì dúró síbi tí mo dúró sí, ẹ dárí jì mí. Dátà tí mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ ìlọ́po méjì gòkè, èmi ni mò ń rà á.

Olùkọ́ Kábà

Ẹ ṣé gan-an. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí mo ṣe ń kà á. Mo ní ìbéèrè lórí owó fúnra rẹ̀. Báwo ló ṣe ń di náírà? Ṣé kí n sì máa yọ gbogbo rẹ̀?

Ọmọ Ìyàrà

Iṣẹ́ tèmi nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Ẹ fi Hive Power yín sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́. Ìyẹn ló ń mú kí ìbò tiyín náà di nǹkan, òun náà ló sì ń fún yín láàyè láti máa kọ̀wé láìsan owó, torí ẹni tí kò ní tó níbẹ̀ yóò rí i pé ó kọ èsì díẹ̀, ẹ̀rọ á ní kó sinmi. HBD ni kí ẹ máa ná. Èyí tí ẹ ò bá tíì ná, àpò ìfowópamọ́ kan wà fún un lórí Hive tó ń bí èlé. Iye èlé náà ń yí padà, àwọn tí a dìbò yàn láti máa darí ẹ̀rọ ló ń fi lélẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni.

Láti sọ ọ́ di náírà: ẹ pààrọ̀ HBD sí kọ́ìnì HIVE nínú ọjà tó wà lórí Hive fúnra rẹ̀, ẹ fi HIVE ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀, kí ẹ tà á sí USDT, kọ́ìnì mìíràn tó ń bá dọ́là rìn, kí ẹ wá ta USDT fún ẹni tó fẹ́ sanwó náírà. Nígbà tí ẹ bá ń fi HIVE ránṣẹ́, ibi tí wọ́n ń pè ní memo wà. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín síbẹ̀ láìyọ ẹyọ kan. Èmi gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kọ́ìnì mi ò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́.

Ẹ má tà á fún ẹni tí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì báńkì rẹ̀ kò bá orúkọ tó wà lórí ibi títà mu. Ìgbà kan tí mo fojú fo èyí, owó tí wọ́n jí ni ẹni yẹn fi san, báńkì mi ti àkáǹtì mi pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Owó ilé ìwé àbúrò mi wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó jọ̀wọ́ kọ́ìnì sílẹ̀, ẹ ṣí áàpù báńkì yín kí ẹ fojú rí owó níbẹ̀. Ẹ má gba àlááàtì gbọ́, wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Òfin náà kì í dúró sójú kan: ní oṣù Kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì pa àkáǹtì àwọn tó ń ta kọ́ìnì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n tú u díẹ̀. Ẹ máa fetí sí ìròyìn.

Ẹ má sì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 2018 bẹ̀rẹ̀, kọ́ìnì Steem kan kọjá dọ́là méje. Kí ọdún yẹn tó parí, kò tó àádọ́ta sẹ́ǹtì. Mo mọ àwọn tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kìíní yẹn. Nígbà tí Hive ya kúrò lára Steem ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn tó ní òǹkàwé tiwọn kó lọ, òǹkàwé wọn sì tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí ìbò rírà ni ó gbójú lé kò ní ẹni tó máa tẹ̀ lé e.

Aláṣọ Ògìdì

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kún un, jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìyàrà

Òótọ́ ni, mà. Páásíwọ́dù tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé méjì, kí ọ̀kan wà nílé, kí èkejì wà níbòmíràn. Nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì yín, èyí tí wọ́n ń pè ní posting key nìkan ni kí ẹ máa fi wọlé lórí fóònù lójoojúmọ́. Ó lè kọ̀wé, ó lè dìbò, kò lè gbé owó. Bí páásíwọ́dù yẹn bá sọnù, kò sí ọ́fíìsì kankan tí ẹ máa lọ tí wọ́n á fún yín ní òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan, fóònù rẹ̀ bọ́ sómi, iṣẹ́ ọdún méjì ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò ó, kò lè wọlé.

Olùkọ́ Kábà

Mo ti dìde lọ kọ ọ́ sórí ìwé báyìí. Ọlọ́run á bù kún yín.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yìí, màmá mi fẹ́ bọ iṣu fún èlùbọ́. Mo ti ń wò ó láti kékeré, mi ò kọ ọ́ rí torí mo rò pé nǹkan tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni. Ṣé irú ìyẹn lẹ ń sọ?

Aláṣọ Ògìdì

Irú rẹ̀ gan-an. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé omi ti gbóná tó, kí iṣu má sè jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ọwọ́ ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Òwé, èdè tiyín ní Kábà, kí ẹ wá túmọ̀ rẹ̀. Ẹ ya ọwọ́ wọn, ẹ ya iṣu lórí àpáta nígbà tí ẹ bá ń sá a, bí wọn ò bá fẹ́ kí ojú wọn wà níbẹ̀, ẹ fi ojú wọn sílẹ̀. Tó bá ti jáde, ẹ fi orúkọ àkáǹtì yín síbí, mo ti ní ìbéèrè kan nípa ìdí tí tiwa ní Ògìdì fi máa ń dúdú ju tiyín lọ.

Àgbẹ̀ Ìsánlú

Èmi náà á wá. Mo fẹ́ mọ irú iṣu tí wọ́n lò.